Ẹjọ́ Alàmísì ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà Mi

Àwọn àbúrò mi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ nípa Ìyá Àgbà wa sílẹ̀, pé èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ, èmi náà ni mo sì pẹ́ lọ́dọ̀ wọn jù. Mo gbà. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n ni mo ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ní Alabar, àdúgbò wa ní Kùmásì, mo ń wo àwọn tó ń ru ẹrù bọ̀ láti ọjà. Wọ́n ń kí mi, mo ń dáhùn. Ẹni tó bá bi mí pé báwo ni ara, mo máa ń ní a dúpẹ́. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Inú mi rí bí ẹsẹ̀ tó kú nítorí pé èèyàn jókòó lé e pẹ́: mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, kò jọ pé tèmi ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá kú, lẹ́yìn tí wọ́n ti kí ìrun Àṣùbáà lórí ìjókòó. A sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ náà. Èrò kún àdúgbò: Yorùbá, Hausa, Asante, àwọn tí orí wọn ti funfun tí wọ́n ṣì ń pe Ìyá ní Málámà, bí àwọn Hausa ṣe ń pe obìnrin tó bá jẹ́ tíṣà. Èmi ni mo wọ inú sàréè láti gba òkú wọn. Ẹnìkan dúró lókè, ó ń sọ pé, "Díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Díẹ̀ sí i sọ́wọ́ ọ̀tún." Mo ṣe é. Ohun tí mo rántí jù nínú ìsìnkú náà nìyẹn.

N kò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ìyá tiwọn kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Kùmásì, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ, ọkọ tí wọ́n fẹ́, ẹlòmíì lè kọ ìyẹn. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, nítorí n kò yára mọ́.

Ìyá kì í yin èèyàn. Ẹ lè pe ìyẹn ní àléébù, mi ò ní bá yín jiyàn. Tí ọmọ kan bá ṣe ìṣirò kó tó di pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìbéèrè tán, tó bá wá na ọwọ́ sókè tó ń fò níbi ìjókòó, Ìyá á wò ó bí ẹni ń wo eṣinṣin. Wọ́n á ní kó lọ jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó má dìde títí onítọ̀hún á fi lè ṣe é níṣojú gbogbo wa. Ọmọ mìíràn á sunkún, á ní òun ti gbà á, òun ti gbà á. Ìyá á ní, "Ohun tí ìwọ nìkan mọ̀, a ò tíì mọ̀ ọ́n."

Wọ́n máa ń di ẹfun ìkọ̀wé mọ́ etí ìborùn wọn bí ìyá àgbà mìíràn ṣe ń di owó. Wọ́n sì máa ń di ojú tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Àlejò tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé oorun ni. Bàbá kan wá fẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn ní ọ̀sán kan, pé ọmọ náà kò gbọ́ràn, pé òun tí òun ń ṣe làálàá, òun tí àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún ní àdúgbò Sawaba, òun tí òun kì í fi nǹkan kan dù ú. Ó sọ títí itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ló bá tẹjú mọ́ Ìyá, ó ní, "Málámà, àbí ẹ ti sùn ni?" Ìyá kò lajú. Wọ́n ní, "Gbogbo ohun tí o sọ, ọ̀rọ̀ ara rẹ ni. Ọmọ náà ńkọ́?"

Àárọ̀ ni Ìyá ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ashanti New Town. Ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò á wá bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, wọ́n á kọ́ ìṣirò, wọ́n á kọ́ ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Alàmísì, a kì í ṣí ìwé. Ẹjọ́ là ń dá. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ kì í pa jẹ nìyẹn, nítorí pé oúnjẹ wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń rí. Ìyá á sè wàákyè, ìrẹsì òun ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pọ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Wọ́n á bù ú sínú àwo fífẹ̀, àwọn ọmọ bíi mélòó kan á yí àwo kọ̀ọ̀kan ká. Wọn kì í jẹ́ kí a yan ẹni tí a fẹ́ bá jẹun. Ọmọ ààfáà àti ọmọ àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Hausa àti ọmọ Asante, ọ̀tá àti ọ̀rẹ́, ojú àwo kan náà. Ẹyin sísè kan ṣoṣo ló máa ń wà láàárín àwo, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí a bá ti ń jẹun lọ, Ìyá á sọ ẹjọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, nínú ọjà tàbí nínú ilé ẹnìkan, wọ́n á pa orúkọ àti àdúgbò dà. Wọ́n á sọ ọ́ dé ibi tó ti le, wọ́n á dákẹ́. A lè bi wọ́n ní ìbéèrè. Ohun tí a bá bèèrè ni wọ́n máa dáhùn, wọn kì í fi ẹ̀yọ ọ̀rọ̀ kan lé e.

Àwo kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lè pinnu ẹni tó máa jẹ ẹyin. Ẹni tó sì dákẹ́ jù nídìí àwo ni yóò dìde sọ ìdájọ́. Ọ̀rọ̀ gbogbo àwo ni yóò sọ, ì báà dùn mọ́ ọn nínú, ì báà má dùn mọ́ ọn.

Mo rántí ẹjọ́ àwọn obìnrin méjì tó jọ ń lo ìsọ̀ kan. Ọ̀kan ń ta aṣọ, ọ̀kan ń ta ẹja gbígbẹ. Òórùn ẹja wọnú aṣọ, àwọn oníbàárà ò rà á mọ́. Aláṣọ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ja yìí kan náà ló gbé aláṣọ dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tó fẹ́ bímọ. Ta ni kó kúrò? Ariwo ta. Kwabena, ọmọ Kwaku ará Asante tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Málámà, kí ẹlẹ́ja lọ máa ta ẹja tí kì í rùn."

"Níbo ni wọ́n ti ń pa irú ẹja bẹ́ẹ̀?" Ìyá bi í.

"Nínú àlá," Hawa dáhùn, ọmọbìnrin Hausa tí bàbá rẹ̀ ń ta obì.

A rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi bọ́ lẹ́nu wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí ọmọ tó mọ̀wé jù láàárín wa tó ń bẹ ọmọ tó gọ̀ jù pé, "Jọ̀ọ́, ìwọ kí lo rò?" nítorí pé ẹyin ń tutù. Nígbà tí a parí, a ní kí Ìyá sọ bí ẹjọ́ náà ṣe parí lóòótọ́. Wọn ò sọ fún wa rí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni ìparí rẹ̀."

Ìjà pọ̀ lọ́rùn Ìyá nítorí Alàmísì yìí. Ìyá Hawa wá pariwo pé Málámà ń tú àṣírí ilé onílé fún àwọn ọmọ tí ikun ṣì ń dà nímú wọn. Ààfáà kan ní ó yẹ kí ọmọ fi ìrọ̀lẹ́ Alàmísì ka kéú. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì pè wọ́n sí ọ́fíìsì, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé wọn lọ́wọ́. Ó ní, "Màdáàmù, ìdánwò kò ní bi wọ́n ní ìbéèrè nípa ẹja àti aṣọ." Ìyá ní, "Ayé á bi wọ́n." Wọ́n kó ìwé wọn lọ́wọ́ mi, a sì lọ sílé.

Síbẹ̀ ẹ má rò pé wọ́n fẹ́ràn ìfohùnṣọ̀kan tó yá jù. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" sára ògiri ní èdè bíi mẹ́ta, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Ìyá wò ó, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ọwọ́ tó gbájọ tún lè gbá èèyàn létí."

Mo ti ń yí ibi tí mo ń lọ po. Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀.

Èmi ni àkọ́bí bàbá mi, bàbá mi sì ni àkọ́bí Ìyá. Nígbà tí wọ́n já mi lẹ́nu ọmú, wọ́n gbé mi fún Ìyá kí wọ́n tọ́ mi, bí a ṣe máa ń ṣe. Ilé àwọn òbí mi kò jìnnà, mò ń rí wọn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹní Ìyá ni mò ń sùn, omi Ìyá ni mò ń pọn. Bàbá mi ń ta ìkòkò irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọjà kò lọ dáadáa mọ́, bàbá mi bá pinnu pé àwọn ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá, àwọn àti màmá mi àti àwọn àbúrò mi. Wọ́n wá bá Ìyá ní ìrọ̀lẹ́ kan. Mò ń fọ àwo nítòsí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ìyá, mo fẹ́ mú Múfú dání."

"Mo gbọ́."

"Ọmọ tó bá dàgbà síbí, èdè Twi ni yóò máa fi lá àlá. Kò ní mọ ilé baba rẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Ẹ̀ ń gbọ́, ẹ ò dáhùn. Ẹ bínú ni?"

Ìyá ní, "Alàmísì ni mo máa ń dá ẹjọ́."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ lọ. Mo fọ àwo kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé Ìyá lè sọ gbólóhùn kan kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, nítorí pé ọmọ wọn ni bàbá mi, bàbá mi ò sì kọ ọ̀rọ̀ sí Ìyá lẹ́nu rí. Mo ń retí gbólóhùn náà. Mo retí rẹ̀ títí di Alàmísì.

Ní Alàmísì, a yí àwo ká. Èmi, Kwabena àti Hawa ló wà nídìí àwo tiwa, àti ọmọbìnrin kékeré kan tí n kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀: "Ọkùnrin kan wà ní Sawaba. Ó ń ta àtùpà."

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Àkọ́bí, ìyá àgbà, ìlú tí wọ́n ń padà sí nílẹ̀ Yorùbá. Kwabena ti gbé ìrẹsì dé ẹnu, ó gbé e padà sílẹ̀. "Málámà, ọkùnrin yẹn, ṣé kì í ṣe Bàbá Múfú tó ń ta ìkòkò ni?"

"Àtùpà ni mo ní. Sawaba ni mo ní. Ìwọ, ibo lo wà?"

"Alabar."

"Jókòó sí Alabar rẹ, kí o dákẹ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wò mí. Ìyá ní, "Bàbá ní òun máa mú ọmọ lọ. Ìyá àgbà kò tíì sọ nǹkan kan. Kí ni kí wọ́n ṣe?"

Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ wà níbi tí wọ́n ń lọ? Ó wà. Ṣé ọmọ náà gbọ́ Yorùbá? Ó gbọ́, ṣùgbọ́n Twi ti wọ̀ ọ́. Ṣé wọ́n máa ń na ọmọ níbẹ̀? Wọ́n ń na ọmọ níbi gbogbo. Ṣé ó lè padà wá tó bá dàgbà? Ó lè padà wá, ó lè má padà wá.

Nígbà tó kan àwo tiwa láti gbìmọ̀, Hawa kò fi àkókò ṣòfò. "Bàbá ló lọmọ. Kó lọ."

Kwabena ní, "Daabi!" Rárá nìyẹn ní Twi. "Ní tiwa, bàbá kọ́ ló lọmọ. Ẹbí ìyá rẹ̀ ló ni ín. Kó dúró ti ìyá rẹ̀."

Mo rò pé Kwabena ti gbà mí sílẹ̀.

"Haba, Kwabena," Hawa ní, "ìyá rẹ̀ náà ń lọ."

Kwabena ronú. Mo rí i tó ń ronú. "Màmá rẹ̀ ń lọ? Ei. Ó dáa, kó bá wọn lọ nìyẹn. Ìyá bàbá ni èyí tó kù síbí." Ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Múfú, ní tiwa, ìyá bàbá kò ní ọmọ. Ní tiyín ńkọ́?"

Ní tiwa náà, kò sí òfin kankan tó fún ìyá bàbá ní ọmọ. Ọ̀nà Asante gbé mi lọ, ọ̀nà Hausa gbé mi lọ, ọ̀nà àwa gan-an gbé mi lọ. Hawa ní, "Ìwọ kí lo rò?" Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa bèèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Mo fẹ́ sọ pé kó dúró, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. N kò sì tún fọhùn mọ́.

Nítorí náà èmi ni mo dákẹ́ jù.

Àwo àwọn tó ṣáájú wa ti sọ tiwọn, kó lọ, kó lọ. Ìyá tọ́ka sí àwo wa. Wọ́n bi wá pé ta ló dákẹ́ jù. Kwabena ń wo ìrẹsì, Hawa ń wo ẹyin. Ọmọbìnrin kékeré náà tọ́ka sí mi. Ìyá wò mí. Mo rò pé wọ́n á ní kí ẹlòmíràn dìde. Mo dìde. Mo ní àwo wa ní kí ọmọ náà bá bàbá rẹ̀ lọ.

Ìyá ní, "Sọ ọ́ sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Mo tún un sọ. Àwo wa fún mi ní ẹyin. Mo jẹ ẹ́. N kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì Ìyá sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n mú mi lọ, pé àwọn ọmọ ti dá ẹjọ́ náà. Inú bí bàbá mi. "Ìyá! Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ilé mi fún ọmọ Kwaku àti ọmọ olóbì?"

"Wọ́n dá ọ láre. Kí ló tún ń dùn ọ́?"

"Kí ló dé tí ẹ ò dá a fúnra yín?"

Ìyá ní, "Ẹjọ́ tí mo bá dá ní èmi nìkan, èmi ni mo máa ń jàre."

Ìyá di ẹrù mi fúnra wọn. Ní ibùdókọ̀, wọ́n tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, wọn ò sunkún, èmi náà kò sunkún. Gbólóhùn tí wọ́n sọ kẹ́yìn ni pé, "Tí o bá dé kíláàsì tuntun, wá ẹni tó dákẹ́ jù, kí o jókòó tì í."

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wọ́n pè mí ní Ọmọ Gánà, wọ́n fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàwé níbẹ̀, mo di tíṣà, mo fẹ́yàwó. Nígbà tí mo padà sí Kùmásì, ẹ̀wù mi ti gùn ju ti bàbá mi lọ. Ìyá ti ju iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Alàmísì kò tíì kú. Mo bá wọn ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gbé e wọ kíláàsì tèmi. Kò fi gbogbo ìgbà dára. Àwọn àwo kan á jà títí oúnjẹ á fi dànù. Ní àìpẹ́ yìí, tíṣà kékeré kan wá láti ibi tí wọ́n ti kọ́ wọn ní ọ̀nà tuntun láti kọ́ni, ó ní kéèsì sítọ́dì ni wọ́n ń pè é, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ wò ní ẹgbẹẹgbẹ́. Ó fọ̀wọ̀ sọ ọ́, ọmọ dáadáa ni. Ìyá di ojú, wọ́n fetí sí i. Wọ́n bi í pé, "Oúnjẹ wo lẹ ń sè sí i?"

Ní ọdún tó kọjá, ojú Ìyá ti ń ṣókùnkùn, mo sì ti fẹ̀yìntì. Mo jókòó ti ẹní wọn lẹ́yìn ìrun Alásárì. N kò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ìyá, ẹjọ́ ọkùnrin Sawaba yẹn, tó ń ta àtùpà. Kí ni ìyá àgbà náà ń fẹ́?"

Wọ́n di ojú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Ó ń fẹ́ kí ọmọ náà dúró."

"Kí ló dé tí kò sọ?"

"Ìbéèrè pọ̀ lọ́jọ́ náà, Múfú. Ẹ bèèrè ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bèèrè ẹgba. Kò sí ẹni tó bèèrè tirẹ̀."

Eruku ń wọlé láti ojú ọ̀nà. Ìyá na ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn pa fèrèsé dé. Mo dìde, mo pa á dé.